Bí a ṣe ń múra pick-up sílẹ̀ kó tó gbé kámpà: láti orí òṣùwọ̀n dé ojú ọ̀nà

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnì kan ra kámpà, ilé kékeré aláìlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ àyè ẹrù pick-up, tó ní ibùsùn lókè orí awakọ̀, tó ní sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìyàgbẹ́ nínú. Ó gbé e lé ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ jókòó, iwájú gbé imú sókè, iná iwájú wá ń ta sójú àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì, gbogbo rẹ̀ sì ń fì nígbàkígbà tí tírélà bá sáré kọjá. Ó lọ ra báàgì afẹ́fẹ́ sábẹ́ sípíríǹgì. Ìdí ọkọ̀ dìde lóòótọ́, ó sì wuni wò, àmọ́ ẹrù tó wà lórí táyà àti bíréèkì kò dín ní páùn kan. Nígbà tó bá yá, táyà ẹ̀yìn á bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-10 nínú oòrùn Texas.

Ìdí nìyẹn tí orí òṣùwọ̀n fi ṣáájú níbí, tí sípíríǹgì fi di ìpele kẹrin. Amẹ́ríkà ni irú kámpà yìí ti wọ́pọ̀, nítorí náà páùn, ínṣì, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà àti psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) la ó máa lò.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Téépù ìwọnlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25, géèjì táyà tó lè ka psi 100, tẹ́sítà iná
- Sípánà onígéèjì fún nọ́ọ̀tì táyà
- Máàtì rọ́bà tó nípọn ínṣì 3/8 sí 3/4. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílé ẹṣin, tó tóbi ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6, dára, ó kàn wúwo tó nǹkan bíi páùn 100 ni
- Irin ìdè mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ṣáásí ọkọ̀ yín gan-an, àti turnbuckle mẹ́rin, ìyẹn ìdè onírin tí a ń lọ́ kó le
- DC-DC charger (ẹ̀rọ tó ń gba iná láti bátìrì ọkọ̀ láti fi kún ti kámpà), wáyà tó nípọn, fíúsì àti ilé rẹ̀
- Pákó 2x10 mẹ́rin, fún abẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì tó ń gbé kámpà dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
- Ẹnì kejì. Má ṣe dá iṣẹ́ yìí ṣe nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ má tíì ra ohunkóhun fún sípíríǹgì. Tí ẹ kò bá sì tíì ra kámpà, ó kúkú dára bẹ́ẹ̀: ẹ ṣe ìpele 1 àti 2 kí ẹ tó sanwó.

Ìpele 1: Ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ yín lè rù

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára férémù ilẹ̀kùn ẹ ó rí sítíkà tó ní nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. GVWR ni àpapọ̀ ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kọjá, tòun ti ẹrù tòun ti èèyàn. GAWR FRONT ni èyí tí ẹsẹ̀ iwájú kò gbọ́dọ̀ kọjá, GAWR REAR sì ni ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí GVWR rẹ̀ kò ju 10,000 lọ tún máa ń ní sítíkà táyà tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èyí tó bá ju 10,000 lọ lè má ní in. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ náà pẹ̀lú: ìwé kan máa ń wà fún kámpà lọ́tọ̀, tó sọ iye tí ọkọ̀ lè gbé àti ibi tí àárín ìwúwo kámpà gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ìpele 2 nílò rẹ̀.

Ẹ má fọkàn tán orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀. Half-ton, three-quarter-ton, one-ton, láti orí èyí tó kéré dé èyí tó lágbára jù, orúkọ ìnagijẹ lásán ni wọ́n báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpolówó: "payload" (iye ẹrù tí ọkọ̀ lè rù) gàgàrà tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ wà fún ọkọ̀ tó ṣófo jù lọ nínú ìdílé náà, onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróò, tí kò ní 4x4. Ẹ́ńjìnnì dísù, òrùlé onígíláàsì, àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ nínú ìwọ̀n tí ẹ lè rù.

Nítorí náà, ẹ lọ wọn ọkọ̀ fúnra yín. Ibi tí àwọn onítírélà ti ń ra epo lójú ọ̀nà márosẹ̀ máa ń ní CAT Scale, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn odindi ọkọ̀. Ẹ kún táǹkì epo, ẹ yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò, torí pé kámpà kò ní jẹ́ kó tì, ẹ kó gbogbo ẹrù sọ̀ kalẹ̀, kí awakọ̀ nìkan jókòó sínú. Táyà iwájú á wà lórí pèpéle àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn á wà lórí ìkejì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dá òṣìṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ lóhùn, ẹ wọlé lọ gba ìwé. "Steer axle" lórí ìwé náà ni ẹsẹ̀ iwájú, "drive axle" ni ti ẹ̀yìn, "gross" ni àpapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan pọ̀. Ká ní GVWR jẹ́ 10,000 (ọ̀pọ̀ three-quarter-ton ni wọ́n tẹ nọ́ńbà yìí sí lára), òṣùwọ̀n sì sọ 7,200 pẹ̀lú awakọ̀ nínú. Ó ku páùn 2,800. Sítíkà kámpà wá sọ pé kámpà náà wọn 2,300 ní gbígbẹ, ìyẹn láìsí omi tàbí ẹrù nínú. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ ṣì ní páùn 500 lọ́wọ́." Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ kà báyìí:

- Kámpà ní gbígbẹ: 2,300
- Omi gálọ́ọ̀nù 30, páùn 8.34 fún gálọ́ọ̀nù kan: 250
- Sílíńdà gáàsì méjì tó ń gba páùn 20, tòun ti irin wọn: 74
- Bátìrì méjì, irú èyí tó ní ásíìdì: 110
- Ẹ̀rọ amúlétutù àti ìbòòji ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn: 140
- Oúnjẹ, ìkòkò, aṣọ, ibùsùn, irinṣẹ́: 450
- Ìyàwó àti ọmọ méjì: 320

Àpapọ̀ jẹ́ 3,644. Páùn 500 tó kù ti di 844 tó lé. Ọkọ̀ yẹn á gbé e dìde, á sì gbé e rìn, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ lára wa jẹ nìyẹn, pàápàá ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń di iṣu gọ̀ǹgọ̀rọ̀ sẹ́yìn 504 nílé. Àmọ́ ìrìn kilómítà ogún lọ sọ́jà yàtọ̀ sí wákàtí mẹ́jọ ní eré máìlì 65 ní wákàtí kan.

Ibi mẹ́ta tí ìṣirò ti máa ń ṣì nìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́, sítíkà kámpà kan ti ka omi àti gáàsì mọ́ ọn, òmíràn kò kà á. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tán. Ìkejì, ohun tí wọ́n fi kún un ní ilé ìtajà kì í sí nínú nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Ìkẹta, omi tó kúrò nínú táǹkì mímu ló ń lọ sí táǹkì ìdọ̀tí, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀mejì, àfi tí ẹ bá máa ń bu omi tuntun kí ẹ tó da ìdọ̀tí nù.

Tí kò bá bá ara mu, ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ra kámpà tó fúyẹ́ (èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká wálẹ̀ fúyẹ́ jù, òun nìkan ló sì yẹ ọ̀pọ̀ half-ton), tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ tó lágbára jù. Kámpà onílé gbígbòòrò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ síta, one-ton onítáyà mẹ́rin lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa wò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti ní ìwé òṣùwọ̀n lọ́wọ́, àpapọ̀ ìṣirò yín sì kéré sí ohun tó kù, ó kéré tán pẹ̀lú páùn 200 àlékún. Ẹrù kì í dín kù lẹ́yìn ìrìn àjò kìíní.

Ìpele 2: Ibi tí ìwúwo kámpà bọ́ sí

Ilé iṣẹ́ máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ kámpà lọ́tùn-ún àti lósì láti fi àárín ìwúwo rẹ̀ hàn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ògiri iwájú ìsàlẹ̀ kámpà, ìyẹn apá tó ń wọ inú àyè ẹrù, dé ibi àmì náà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ọkọ̀, láti ògiri iwájú àyè ẹrù dé ọ̀gangan àárín táyà ẹ̀yìn. Ti kámpà gbọ́dọ̀ kúrú ju ti ọkọ̀ lọ. Ká ní ti ọkọ̀ jẹ́ ínṣì 48, tí ti kámpà jẹ́ 44, àmì náà bọ́ sí iwájú táyà ẹ̀yìn ní ínṣì 4. Ó dára. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wé àyè tí ìwé kámpà inú ọkọ̀ yín yà sọ́tọ̀.

Tó bá bọ́ sẹ́yìn táyà, kámpà á máa tẹ ìdí ọkọ̀, á sì máa gbé ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Sítíárì á fúyẹ́, bíréèkì iwájú, tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kò ní dì dáadáa mọ́, pàápàá nínú òjò. Kò sí sípíríǹgì tó ń wo àrùn yìí sàn. Àyè ẹrù tó kúrú ló máa ń bá wọn ṣe é jù: kámpà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ bàtà 8, wọ́n wá gbé e lé ẹsẹ̀ bàtà 6 ààbọ̀.

Kẹ̀kẹ́ méjì àti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn kámpà náà wà lára ẹ̀. Ohun tó bá wà lẹ́yìn táyà ń fi ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ kún orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí ó ń mú lára ti iwájú.

*Àyẹ̀wò:* ti ìpele yìí kò lè parí àfi lórí òṣùwọ̀n. Tí ẹ bá gbé kámpà tán, "steer axle" kò gbọ́dọ̀ dín sí ti ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣófo.

Ìpele 3: Táyà, ríìmù àti ihò afẹ́fẹ́

Táyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹ lo àsìkò níbí.

Ẹ wá LT (táyà ọkọ̀ akẹ́rù) níwájú nọ́ńbà táyà, àti Load Range E (ìpele ẹrù tí táyà lè rù) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà P (ti ọkọ̀ akérò kékeré) tó wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ half-ton rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á mú kámpà máa fì. Lára táyà ni wọ́n kọ ohun tó lè rù sí. LT265/70R17 ti Load Range E máa ń rù páùn 3,195 ní psi 80. Méjì lẹ́yìn jẹ́ 6,390. LT275/70R18 ti E máa ń rù 3,640, méjì jẹ́ 7,280. Ẹ fi èyí wé ohun tí òṣùwọ̀n sọ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tí ẹrù bá pé. Tí táyà lè rù 6,390 tí òṣùwọ̀n sì sọ 6,300, òfin kò tíì bá yín, àmọ́ àyè kò sí. Tẹ́ ẹ bá ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, nọ́ńbà "dual" ni kí ẹ kà, ó kéré sí "single."

Ríìmù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ kò ti lè rí i àfi tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Ríìmù ìfaṣọ̀ọ́ṣọ́ tí ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín pààrọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tó ti ilé iṣẹ́. Tí òǹkà ríìmù bá kéré sí ti táyà, ti ríìmù ni ẹ ó tẹ̀lé.

Ohun tí wọn kì í wò rárá ni ihò afẹ́fẹ́. Ihò rọ́bà lásán tí wọ́n ń kì bọ ríìmù ọkọ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ kọjá psi 65. Tí ẹ bá fẹ́ fún 80, onírin ni kí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń pààrọ̀ táyà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí nígbà tó bá ti gbé e lé ríìmù tán, owó méjì ni.

Ẹ ka ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà kámpà máa ń gbó nínú ilé kí ojú rẹ̀ tó jẹ tán. Tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìsán wẹ́wẹ́ ṣáájú gbogbo ìrìn gígùn. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti ju táyà tó ṣì ní kínní lójú nù. Ẹ jù ú nù náà ni.

Ẹ fún afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Psi tí ẹ bá kà lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan ti gòkè nítorí ooru. Ẹ má tú u kúrò.

*Àyẹ̀wò:* òǹkà táyà méjèèjì lẹ́yìn, òǹkà ríìmù méjèèjì àti GAWR REAR, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kan. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni òpin yín.

Ìpele 4: Sípíríǹgì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ gbé kámpà lé e ná (ìpele 5 sí 8), ẹ wà á díẹ̀díẹ̀ ní àdúgbò, kí ẹ tó ra. Kó tó di pé ẹ gbé e, ẹ wọ̀n láti àárín ríìmù dé etí pátákó ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Ohun tí ọkọ̀ bá ṣe ló ń sọ ohun tí ẹ ó rà.

Tí ìdí bá jókòó, báàgì afẹ́fẹ́, Timbren tó jẹ́ rọ́bà, tàbí ewé sípíríǹgì kan sí i. Tó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì ní kọ́nà, sway bar ẹ̀yìn (irin tó ń dín fífì kù) tó nípọn, pẹ̀lú StableLoad tó ń jẹ́ kí sípíríǹgì òkè tètè kàn án. Tó bá ń jó sókè sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo gẹ̀rẹ́, ṣọ́ọ̀kì ti kú tàbí kò lágbára tó. Ẹni tó bá ra báàgì afẹ́fẹ́ nítorí fífì, ó ra oògùn orí fún inú rírun.

Fún báàgì afẹ́fẹ́: ẹ ya ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọ̀tún kúrò lára ti òsì, torí pé fíríìjì àti táǹkì omi kì í sábà wà lójú kan náà. Tí ọ̀nà bá papọ̀, afẹ́fẹ́ á sá kúrò níbi tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìhà kejì ní kọ́nà, ọkọ̀ á sì fì sí i. Ẹ jìnnà sí páìpù èéfín. Irú bíi Air Lift LoadLifter 5000 kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ psi 5 láé, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 100. Ẹ má fún un títí ìdí á fi ga: ẹ fún un títí tí iwájú á fi padà sí gíga tó wà kó tó di pé ẹ gbé kámpà, ó tó.

*Àyẹ̀wò:* ọṣẹ àti omi lórí gbogbo ìsopọ̀, kò sí fóòmù tó ń hó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì psi kò lọ sílẹ̀ ju méjì lọ. Lẹ́yìn èyí ẹ tún iná iwájú tò.

Mo tún un sọ torí pé àwọn tó ń ta á kì í sọ ọ́: kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń yí nọ́ńbà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn padà.

Ìpele 5: Ilẹ̀ àyè ẹrù àti àlàfo

Ẹ yọ páálí ike tí wọ́n fi bo àyè ẹrù. Ó ń yọ̀, kámpà á sì máa rìn lórí rẹ̀ títí ìdè á fi dẹ̀. Ẹ tẹ́ máàtì rọ́bà.

Ẹ wọn àlàfo mẹ́ta. Láàárín ilé táyà méjèèjì nínú àyè ẹrù máa ń tó ínṣì 50, ìsàlẹ̀ kámpà gbọ́dọ̀ kéré síyẹn. Láàárín òrùlé ọkọ̀ àti abẹ́ ibùsùn kámpà, ẹ fi ínṣì 2 sílẹ̀ ó kéré tán, torí kámpà ń mì, ẹ sì rántí éríà kúkúrú tó wà lórí òrùlé. Láàárín etí àyè ẹrù àti ìyẹ́ kámpà, ìyẹn apá rẹ̀ tó yọ kọjá sórí etí náà, kò gbọ́dọ̀ kàn. Pick-up tuntun, irú bíi Ford Super Duty láti 2017, ní ẹ̀gbẹ́ tó ga, kámpà àtijọ́ sì lè jókòó lé etí dípò ilẹ̀.

Tí kò bá tó, ẹ gbé ilẹ̀ ga: fóòmù líle tí wọ́n fi ń kọ́lé pẹ̀lú plywood lórí, tàbí férémù 2x4. Férémù náà gbọ́dọ̀ ru gbogbo ìdí kámpà. Tí ẹ bá kàn gbé pákó mẹ́rin sí igun mẹ́rin, ilẹ̀ kámpà á tẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kò bá tì mọ́.

*Àyẹ̀wò:* tẹ́ ẹ bá gbé kámpà kalẹ̀, ọwọ́ yín wọ gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ sì kan rọ́bà níbi gbogbo.

Ìpele 6: Ìdè

Ẹ lo irin ìdè tí wọ́n dè mọ́ ṣáásí, irú bíi ti Torklift. Àwọn kan máa ń dè é mọ́ ara àyè ẹrù. Ford F-150 láti 2015 àti Super Duty láti 2017 jẹ́ alumíníọ̀mù lára, ẹ má lu ihò bóòtù síbẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ratchet strap, okùn tí wọ́n fi ń de ẹrù, ẹ fi sílẹ̀ fún mátírẹ́ẹ̀sì: ó ń fà, ó sì ń ra.

Turnbuckle iwájú máa fà sísàlẹ̀ àti síwájú, ti ẹ̀yìn máa fà sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn, kí kámpà má bàa rí ọ̀nà lọ. Ẹ ra èyí tó ní sípíríǹgì nínú, torí ṣáásí máa ń yí díẹ̀ nígbà tí táyà kan bá wọ kòtò, ohun tó bá le pátápátá á já.

Fífún un le jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀. Igun kámpà tí ẹ so ó mọ́, igi ló wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fún un títí sípíríǹgì yóò fi wọlé dé ibi tí ìwé rẹ̀ sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó má bàa tú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti igun ẹ̀yìn kámpà gan-an. Ọkọ̀ àti kámpà gbọ́dọ̀ mì pọ̀. Tí kámpà bá dá mì, kò tíì dè.

Ìpele 7: Iná

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méje tó wà nídìí ọkọ̀ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ kámpà, nítorí náà ẹ fi ìkejì sínú ògiri àyè ẹrù, nítòsí iwájú lápá òsì. Iná ẹ̀yìn, bíréèkì àti tírafikétọ̀ á gbabẹ̀.

Gbígba agbára fún bátìrì kámpà ni ọ̀ràn. Wáyà tó wà nínú púlọ́ọ̀gì náà tinrin. Ká ní ó jẹ́ 12 AWG (òǹkà ìnípọn wáyà: bó bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe nípọn sí), ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ní àlọ, 20 ní àbọ̀, a sì ń fa áńpì 30: fóltì 1.9 ti sọnù lójú ọ̀nà, bátìrì kò ní kún láé. Pẹ̀lú 6 AWG ohun tó sọnù di 0.47, pẹ̀lú 4 AWG ó di 0.3. Alternator ọkọ̀ òde òní tún máa ń rẹ fóltì rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti fi epo pamọ́. Ẹ fi DC-DC charger sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì kámpà, ẹ fa 6 tàbí 4 AWG, pósítífù àti nẹ́gátífù, láti bátìrì ọkọ̀ wá fún un lọ́tọ̀. Ẹ má fi ara ọkọ̀ ṣe ọ̀nà àbọ̀.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà ní orí méjèèjì wáyà pósítífù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má jìnnà sí bátìrì rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ. Ibi tí wáyà bá ti gba irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Wáyà tí irin jẹ láìní fíúsì ni iná tó ń jó ọkọ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi tẹ́sítà kan bátìrì kámpà: fóltì 13.8 sókè fún bátìrì ásíìdì. Ẹnì kejì dúró lẹ́yìn nígbà tí ẹ ń tẹ bíréèkì, tírafikétọ̀ ọ̀tún, ti òsì, iná alẹ́. Tí bíréèkì bá ń tan tírafikétọ̀, nẹ́gátífù kò kàn dáadáa.

Ìpele 8: Gbígbé e lé ọkọ̀

Ilẹ̀ títẹ́jú, ọjọ́ tí atẹ́gùn kò lágbára, omi kò sí nínú táǹkì kankan. Pákó 2x10 sábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ gbé kámpà sókè ní ínṣì díẹ̀díẹ̀, iwájú pọ̀, ẹ̀yìn pọ̀. Imú kámpà gbọ́dọ̀ ga ju ìdí lọ díẹ̀ nígbà gbogbo, torí ibùsùn iwájú wúwo, ó sì lè dojú dé. Ẹ má gbé igun kan nìkan ju ínṣì méjì lọ.
2. Tí ọkọ̀ bá ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ yí apá jáàkì iwájú síta kí pátákó ẹ̀gbẹ́ má bàa kọlù ú.
3. Ẹ lẹ téépù aláwọ̀ sí àárín iwájú kámpà àti àárín ògiri àyè ẹrù. Ẹ fi rífáàsì wọlé pẹ̀lẹ́ kí téépù méjèèjì dojú kọra. Ẹnì kejì dúró níbi tí awakọ̀ ti ń rí i nínú dígí, kì í ṣe láàárín ọkọ̀ àti kámpà.
4. Dúró nígbà tí ó bá ku bí ìka kan kó kan ògiri. Ẹ sọ kámpà kalẹ̀ títí yóò fi jókòó.
5. So púlọ́ọ̀gì, so ìdè iwájú, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ jáàkì sókè pátápátá.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ kámpà tó wà lórí jáàkì nìkan, ì báà jẹ́ láti mú sípánà tó bọ́.

Ìpele 9: Òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, àti ọ̀nà

Ẹ kó gbogbo ẹrù sí i, ẹ pọn omi, ẹ kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ẹ padà sí CAT Scale. Ẹ fi ìwé tuntun wé nọ́ńbà mẹ́rin: GVWR, GAWR méjèèjì, àti òpin táyà tí ẹ kọ ní ìpele 3. Ẹ tún fi "steer axle" wé ti tẹ́lẹ̀. Tí ọ̀kan bá lé, ẹ kọ́kọ́ da omi nù, gálọ́ọ̀nù 30 jẹ́ páùn 250, omi sì wà níbi tí ẹ ń lọ.

Ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé orí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi ínṣì mẹ́ta kún un, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì. Afárá ojú irin Gregson Street ní Durham, North Carolina, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 8, bó òrùlé ọkọ̀ tó pọ̀ débi pé ó lókìkí. Wọ́n gbé e sókè dé 12 àti ínṣì 4 ní 2019, ó ṣì ń bó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Maryland, ẹ wo ọ̀nà kí ẹ tó jáde. Ihò abẹ́ omi Baltimore Harbor àti Fort McHenry kò gba sílíńdà gáàsì tó ju páùn 10 lọ, ti kámpà sì jẹ́ 20. Afárá Key Bridge tí onígáàsì máa ń gbà tẹ́lẹ̀ wó ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2024, nítorí náà apá ìwọ̀ oòrùn I-695 ni kí ẹ gbà yípo.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Tow/Haul (ipò jíà fún ẹrù wíwúwo), ẹ má kọjá máìlì 65 ní wákàtí kan, ẹ fi àlàfo tó gùn sílẹ̀ sí ọkọ̀ iwájú. Lẹ́yìn máìlì 10 àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kan turnbuckle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọ̀kan á ti dẹ̀ díẹ̀ bí kámpà ṣe jókòó sórí rọ́bà, ẹ lọ́ ọ. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ ń há tàbí bíárìn rẹ̀ ti ń lọ. Láàárín máìlì 50 sí 100, ẹ fi sípánà onígéèjì tún fún nọ́ọ̀tì gbogbo táyà tí ẹ yọ ní ìpele 3, ní iye tí ìwé ọkọ̀ sọ.